Ẹ má jẹ́ kí fọ́tò Màmá kúrò nílé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ níbẹ̀ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí àbúrò yín kó álúbọ́ọ̀mù Màmá láti Mọ̀lété ránṣẹ́ sí yín ní Kánádà, kí ẹ lè kó fọ́tò inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ni kó ti ṣe é, kí Màmá jókòó tì í. Mo kó ọgbọ̀n fọ́tò bàbá mi fún àwọn kan ní ìgboro nígbà kan, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló padà. Ó ṣì ń dùn mí.

Kó gba áàpù PhotoScan ti Google sórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Yóò ní kó gbé fóònù kọjá lórí àmì róbótó mẹ́rin. Ohun tó ń mú dídán ojú fọ́tò kúrò nìyẹn. Ẹ̀bá fèrèsé ni kó tẹ́ fọ́tò náà sí, níbi tí oòrùn kò ti kàn án. Bí ẹ bá rí sikánà yá, ó sàn jù: 300 dpi (iye àmì tín-tìn-tín tó ń kà nínú ínṣì kan) fún fọ́tò lásán, 600 fún páṣípọ́ọ̀tù kékeré.

Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ álúbọ́ọ̀mù, kó má fipá ya á. Òwú tín-ín-rín tí wọ́n fi ń yọ ẹran láàárín eyín ni kó rọra fà gba abẹ́ rẹ̀. Bí kò bá ṣí, kó fi fóònù yà á bẹ́ẹ̀ níbi tó wà. Omi kò gbọdọ̀ kàn án rárá.

Kó ya ẹ̀yìn fọ́tò náà o! Bírò búlúù ni wọ́n fi kọ “Iléyá 1974” sẹ́yìn ọ̀kan tiwa. Ìyá mi gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n fi ìka nu igun rẹ̀, wọ́n ní, “Èyí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Ìyálé wa nìyí, kó tó kú.” Ọjọ́ tí mo ti ń pe obìnrin yẹn ní àǹtí mi ti pẹ́. Nítorí náà, kí àbúrò yín tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ inú fóònù, kó máa bi Màmá pé “Ta nìyí?” lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó fi í ránṣẹ́ bíi document, kí WhatsApp má baà fún un pọ̀. Kó tún kó o sórí fláàṣì kan.

Àwọn fọ́tò aláwọ̀ tó ti ń pọ́n ni kó fi ṣáájú, torí wọ́n ń ṣá lọ ni. Ẹ ní Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Sátidé yìí ni kó bẹ̀rẹ̀.