Ilẹ̀ Kẹta Kò Gbọdọ̀ Lọ: Ìdáhùn fún Awakọ̀ Òfurufú Ọmọ Kétu

Lẹ́tà tí mo gbà nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

“Màmá, mo kí yín o. Ọmọ Kétu ni mí, ẹni ọdún 29. Ìyàwó mi tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́rin wà ní Àjàṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Awakọ̀ òfurufú ni mí. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń wa ọkọ̀ kékeré alábẹ̀bẹ̀ tí ó ń kó ẹrù. Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ méjì ti gbà mí. Èkíní ń lo CRJ900, ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì tí ń kó èrò, wọ́n sì fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lóṣù tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni n ó san ìdajì owó ẹ̀kọ́ ọkọ̀ náà. Èkejì ń lo Embraer 190, jẹ́ẹ̀tì èrò mìíràn. Àwọn ni yóò san gbogbo owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n mo ní láti dúró fún oṣù méje, kí n sì fọwọ́ sí ìwé pé n kò ní fi wọ́n sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n ta ilẹ̀ méjì kí n lè kọ́ iṣẹ́ yìí, ní kí n mú Embraer nítorí pé òun ni ó tuntun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi CRJ ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ CRJ ni ọkàn mi fẹ́. Mo ti jókòó lẹ́yìn àwọn awakọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, n kò sì lè gbàgbé ọjọ́ náà. Bí mo bá sọ ọ́ fún Bàbá, mo mọ̀ pé wọn yóò ta ilẹ̀ kẹta, torí wọn kì í lè sọ pé rárá fún mi. Kí ni kí n ṣe?”

Ọmọ mi, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Kí n tó dáhùn, jẹ́ kí n sọ ohun tí ó fún mi láyà láti dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú. Ọdún 22 ni mo fi jókòó nídìí tíkẹ́ẹ̀tì ní pápákọ̀ òfurufú Kútọnu, àbúrò mi ọkùnrin sì ṣe mẹkáníìkì ọkọ̀ òfurufú títí ó fi fẹ̀yìn tì. N kò wa ọkọ̀ rí, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ń wà á, pàápàá lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá pẹ́, tí wọ́n bá wá jókòó sẹ́yìn káńtà mi láti mu kọfí.

Yẹ̀yẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbá kúrò nílẹ̀, nítorí pé iyàn àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé wá sí ojúde wa. Ní ọ̀hún, àdéhùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bá ẹgbẹ́ awakọ̀ wọn ṣe kò gbà kí ọkọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí ń bá wọn ná ọ̀nà kúkúrú ní ju ìjókòó 76 lọ. Nítorí náà ni CRJ900 àti Embraer 175 fi pọ̀ níbẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ ibẹ̀ sì ń fi ọ̀sán àti òru jiyàn lórí èyí tí ó wuyì jù. Èyí tí wọ́n ń bú jù lọ ni CRJ200, ọkọ̀ oníjókòó 50, tí iwájú ìyẹ́ rẹ̀ kò ní pátákó tí ń nà jáde láti ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń gbéra tàbí tí ó bá ń balẹ̀, tí ó sì máa ń jìyà nígbà ooru nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń fẹ́lẹ́ jù fún ìyẹ́ ọkọ̀. CRJ900 ní pátákó náà. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n fi ń na àbúrò.

Ti Bàbá rẹ náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni n ó fi sọ ọ́. CRJ900 bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2003, Embraer 190 bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ọdún méjì péré ni ó wà láàárín wọn, nítorí náà a kò lè pe ọ̀kan ní arúgbó kí a pe èkejì ní ọmọ tuntun. Bí ó bá jẹ́ ti ọjọ́ orí ni, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ilé-iṣẹ́ náà ní ni kí o béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Síbẹ̀, ohun kan wà tí Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ bà. Bombardier ti Kánádà, tí ó dá CRJ sílẹ̀, ta gbogbo iṣẹ́ náà fún Mitsubishi ti Japan ní 2020, CRJ tí ó kẹ́yìn sì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021. Wọ́n ṣì ń tún àwọn tí ó wà nílẹ̀ ṣe, wọ́n ṣì ń ta ẹ̀yà ara wọn, n kò sì rí i pé wọn yóò tètè tán lójú òfurufú, ṣùgbọ́n ìdílé náà kò bímọ mọ́. Ìdílé Embraer ní Brazil ṣì ń bímọ: ìran kejì 190 ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 2018, ní 2021 sì ni Air Peace ti Nàìjíríà gba 195 ti ìran kejì, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ẹni tí ó bá ti mọ ìran kìíní wà, ẹ̀kọ́ àfikún ọjọ́ mélòó kan ni yóò gbé e kọjá sí ìran kejì. (Bí ìyá ìyàwó rẹ bá jẹ́ Àgùdà, ìyẹn ìran àwọn tí ó ti Brazil padà wá, bí ọ̀pọ̀ ará Àjàṣẹ́, ó lè sọ fún ọ pé ọkọ̀ tí ó ti Brazil wá, ọkọ̀ ìbátan àwọn ni. Dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, kí o sì bá ìrò tìrẹ lọ.)

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ. O kò sọ ohun tí ó wù ọ́ nínú CRJ, ṣùgbọ́n mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Embraer 190 ní ẹ̀rọ tí ń fúnra rẹ̀ dín agbára ẹ́ńjìnnì kù tàbí kí ó fi kún un bí ìrìn ọkọ̀ bá ti ń yí padà, tí awakọ̀ kàn ń ṣọ́ ọ. Nínú CRJ, ọwọ́ awakọ̀ ni ó ń ṣe é láti ìgbéra títí dé ìbalẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ọdún mẹ́ta wa ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀ bíi tìrẹ yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì dà bíi pé ilé ni òun dé. N kò ní bá ọ wí nítorí èyí. Èmi tí mo ti jókòó gẹ́gẹ́ bí èrò lẹ́yìn oríṣiríṣi awakọ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ iṣẹ́ ni mo máa ń fẹ́ kí ó wà níwájú. Ẹ́ńjìnnì àwọn méjèèjì pàápàá, ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá, ìyẹn CF34 ti General Electric. CRJ gbé tirẹ̀ sí ìdí, Embraer so tirẹ̀ mọ́ abẹ́ ìyẹ́. Àbúrò mi kórìíra ti ìdí nítorí àkàbà gíga tí ó máa ń gùn kí ó tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ mẹkáníìkì nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí ni ìdajì owó. Ìwọ mọ èyí, àwọn tí yóò ka ìwé yìí lè má mọ̀ ọ́n: ìwé-àṣẹ awakọ̀ nìkan kò tó láti wa irú ọkọ̀ báyìí. Irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé-àṣẹ tirẹ̀, tí ènìyàn ń gbà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan àti ìdánwò nínú símúlétọ̀, yàrá awakọ̀ aláfarawé tí ń mì bí ẹni pé ó wà lójú òfurufú. Mílíọ̀nù sẹ́fà lọ́nà púpọ̀ ni owó rẹ̀. Ìwé-àṣẹ CRJ bo gbogbo ìdílé CRJ, láti 100 títí dé 1000, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí o fọwọ́ kan Embraer. Owó tí o bá san lé e lórí, inú ìdílé tí kò bímọ mọ́ ni o san án sí. Àti pé, ilé-iṣẹ́ tí ó ń wá awakọ̀ lójú méjèèjì, tí ó fẹ́ kí o dé lóṣù tí ń bọ̀, tí ó sì tún ní kí o bá òun san owó ẹ̀kọ́, ó ní ohun tí ń ṣe é. Ó lè jẹ́ pé owó kò sí lọ́wọ́ wọn, ó sì lè jẹ́ pé awakọ̀ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Èwo nínú méjèèjì ni ìwọ fẹ́ bá wọn pín? Ibo sì ni ìdajì náà yóò ti jáde, bí kò ṣe lára ilẹ̀ kẹta? Ìwọ tìkára rẹ ni o kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé àgbàlagbà náà kò lè sọ pé rárá fún ọ. Nígbà náà, ìwọ ni yóò bá wọn sọ ọ́.

Embraer ni mo ní kí o mú, bí wọ́n bá lè kọ ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé. Oṣù méje tí a fi ẹnu sọ lè di ọdún méjì. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020. Ọkọ̀ dúró sílẹ̀ ní gbogbo ayé, lẹ́tà náà sì di bébà lásán. Nítorí náà, má ṣe kọ̀wé fi iṣẹ́ ẹrù tí o ń ṣe lọ́wọ́ sílẹ̀ títí ọjọ́ náà yóò fi kù bí oṣù kan, níwọ̀n ìgbà tí wákàtí tí o ń fò lórí ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀ náà ṣì ń wọ ìwé rẹ. Ohun kan sì wà tí o kò kà mọ́ èrè ìdúró yìí. Oyún oṣù mẹ́rin ni o sọ. Bí o bá mú CRJ, ìlú òkèèrè ni wọn yóò ti máa dán ọ wò nínú símúlétọ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ bá ń ru ẹrù oṣù karùn-ún àti ìkẹfà. Bí o bá dúró de Embraer, ọmọ yóò ti pé nǹkan bí oṣù méjì kí o tó gbéra.

Ọdún márùn-ún náà kò bà mí lẹ́rù tó bí ó ṣe bà ọ́. Òfin àgbáyé gba awakọ̀ ọkọ̀ èrò láyè títí di ẹni ọdún 65, ọ̀nà rẹ sì ṣì jìn. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kí o yẹ̀ wò. Ṣé iye tí o máa jẹ wọ́n bí o bá kúrò yóò máa dín kù lọ́dọọdún, àbí odindi rẹ̀ ni wọn yóò gbà títí di ọjọ́ tí ó kẹ́yìn? Ṣé láti ọjọ́ tí o fọwọ́ sí ìwé ni ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀, àbí láti ọjọ́ tí o kọ́kọ́ gbé èrò? Bí ilé-iṣẹ́ náà bá wọko gbèsè, tàbí tí wọ́n bá dá ọ dúró láìṣẹ̀, ṣé o ṣì jẹ wọ́n? Bí wọ́n bá gbé ọ lọ sí ìlú mìíràn ńkọ́? Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ojúlówó ìwé-àṣẹ rẹ àti ìwé wákàtí rẹ pa mọ́. Ọmọkùnrin kan tí mo mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì fi ìwé náà há sínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù mẹ́jọ, tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè lọ síbì kan. Ẹ̀dà ni kí o fún wọn. Gbé ìwé àdéhùn náà lọ bá agbẹjọ́rò kan ní Àjàṣẹ́ kí ó kà á kí o tó fọwọ́ sí i. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ohun tí yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku Bàbá. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni o máa mú, nítorí náà ó lè wù ọ́ láti kàn gbà kí ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀. Má ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ sí Kétu, jókòó tì wọ́n, sọ fún wọn pé CRJ ni ó wù ọ́, kí o sì sọ ìdí tí o fi fi í sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìwọ ni o yàn, kí wọ́n má sì máa rò pé ọ̀nà tí wọ́n là kalẹ̀ ni o tọ̀. Lẹ́yìn náà, bí owó oṣù àkọ́kọ́ bá dé, yọ ohun tí o bá lè yọ nínú rẹ̀ fún wọn, kí o sì máa yọ ọ́ lóṣooṣù.

Bí ilé-iṣẹ́ Embraer náà bá kọ̀ láti kọ ọjọ́ sínú ìwé, kọ lẹ́tà sí mi padà, a ó jọ tún CRJ gbé yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ti pé ìwọ ni yóò san ìdajì, ìyẹn ti kúrò nínú ohun tí a ó jọ sọ.