Kọ̀ǹpútà Láàbù Kú, Dátà Inú Rẹ̀ Ńkọ́?

Nínú àwọn lẹ́tà tó dé sórí tábìlì mi lóṣù yìí, mẹ́rin ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn dátà ìwádìí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, tó wá há sínú kọ̀ǹpútà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mo kó wọn pọ̀ kí ìdáhùn ọ̀kan lè ran èkejì lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn bí kẹ́míkà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ mu nínú láàbù wa dákẹ́ lójijì. Bí a bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀, fáànù rẹ̀ á yí díẹ̀, á sì dúró, ojú rẹ̀ kì í tàn rárá. Iṣẹ́ oṣù mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, a kò sì ní ẹ̀dà níbòmíràn. Ọ̀gá mi ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ wò bóyá á jí, ẹlòmíràn sì ní kí a gbé díìsìkì rẹ̀ sínú fírísà. Ṣé a ṣì lè rí nǹkan gbà níbẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwádìí)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra. Iṣẹ́ oṣù mẹ́rìnlá kì í ṣe ohun kékeré, mo sì mọ̀ pé oorun yín kò lè dùn lásìkò yìí. Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ẹ̀rọ náà ná, kí ẹ sì fi bọ́tìnì yẹn sílẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí omi bá dànù, tí agbè kò bá fọ́, a ó tún rí òmíràn pọn. Tiyín yàtọ̀, nítorí ó jọ pé agbè ló fọ́, nígbà tí omi inú rẹ̀ lè má tíì dànù rárá. Kọ̀ǹpútà tó kú yàtọ̀ sí díìsìkì tó kú, bí fáànù sì ṣe ń yí díẹ̀ tó ń dúró yẹn, ibi tí iná ti ń wọlé tàbí bọ́ọ̀dù ńlá inú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wo àwọn ohun bí agolo kéékèèké tó dúró lórí bọ́ọ̀dù náà, tí wọ́n ń pè ní kapásítọ̀. Orí wọn yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá rí èyí tí orí rẹ̀ wú bí agolo tó fẹ́ bẹ́, tàbí tí ohun aláwọ̀ ilẹ̀ kan ti ṣẹ̀ jáde lára rẹ̀ tó sì gbẹ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àìsàn náà ti wá. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí ọdún 1999 sí 2007 ló ní àrùn yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni irú àwọn kọ̀ǹpútà ìgbà náà ló ṣì ń darí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láàbù títí dòní.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má tẹ bọ́tìnì mọ́ ni pé a kò tíì mọ ipò tí díìsìkì fúnra rẹ̀ wà. Nínú díìsìkì tó ń yí, àwo dídán kan wà tó sábà máa ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí tó ń ka dátà sì ń fò lókè rẹ̀ ní àlàfo tó kéré ju ẹyọ eruku kan lọ fíìfíì. Bí orí náà bá ti bàjẹ́ tó sì ń kan àwo, gbogbo ìgbà tí iná bá wọlé ni yóò máa ha ibi tí iṣẹ́ yín wà, ohun tó bá sì ti ha kúrò lójú àwo, kò sí onímọ̀ tó lè dá a padà. Fírísà ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Bí díìsìkì tó tutù bá jáde sínú afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi á sẹ̀ sára rẹ̀ bí ìrì òwúrọ̀, bọ́ọ̀dù rẹ̀ á sì wà nínú ewu, àwo inú rẹ̀ náà kò ní bọ́.

Ní báyìí, ẹ yọ díìsìkì náà, ẹ kọ nọ́mbà tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì wá kọ̀ǹpútà mìíràn tó pé. Ẹ má kàn so ó mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó bá rí díìsìkì tuntun kì í dá ọwọ́ dúró. Á ṣí i, á yí déètì padà, á ṣẹ̀dá fódà ìkọ̀kọ̀, ó tilẹ̀ lè sọ pé òun fẹ́ tún un ṣe. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sáàárín díìsìkì àti kọ̀ǹpútà, tó ń jẹ́ kí a kà nínú díìsìkì láìjẹ́ kí a lè kọ ohunkóhun sínú rẹ̀. Bí ẹ bá lè yá a, ẹ yá a. Bí díìsìkì bá ń dún kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́ léraléra nígbà tí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ fún àwọn tó ní yàrá tí eruku kò lè wọ̀, nítorí ó ti kọjá agbára yín àti agbára mi.

Bí kò bá dún bẹ́ẹ̀, ohun tó kàn ni ẹ̀dà odindi, ìyẹn ẹ̀dà tó mú gbogbo díìsìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tó dà bí ẹni pé ó ṣófo. GNU ddrescue, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan, ni mo fọkàn tán jù fún iṣẹ́ yìí. Ó máa ń kọ́kọ́ kó gbogbo ibi tó rọrùn láti kà, á fo ibi tó le, á sì padà wá sídìí èyí tó le nígbà tó bá ti gbé ohun tó pọ̀ jù lọ jáde láìléwu. Ó tún ń kọ ibi tó dé sínú fáìlì kan, débi pé bí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́, ibẹ̀ náà ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé díìsìkì tí ẹ ń kó o sí tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé díìsìkì àkọ́kọ́ pamọ́, ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Lórí ẹ̀dà nìkan ni ẹ ti lè jẹ́ kí chkdsk ti Windows tàbí fsck ti Linux, àwọn ètò tó ń tún ìtò fáìlì ṣe, ṣiṣẹ́, nítorí àtúnṣe tí àwọn méjèèjì ń ṣe, kíkọ ni, wọ́n sì lè fi àtúnṣe pa ohun tí ẹ ń wá run. Bí fódà kò bá hàn, sọ́fítíwíà TestDisk lè wá ìpín díìsìkì tó sọnù rí. PhotoRec, tó ń wá fáìlì tó sọnù lọ́kọ̀ọ̀kan, náà dára, ṣùgbọ́n kì í dá orúkọ fáìlì padà, bẹ́ẹ̀ sì ni nínú láàbù, orúkọ fáìlì ló sábà máa ń sọ irú àyẹ̀wò tó jẹ́ àti ọjọ́ tí a ṣe é. Mo máa ń fi í sẹ́yìn pátápátá.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń gba fọ́tò ìgbéyàwó padà lè fojú fò, àmọ́ tí ẹ̀yin kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Ibi tí ddrescue kò bá rí kà sábà máa ń hàn bí òdo nínú ẹ̀dà tí a kó sínú fáìlì tuntun. Bí òdo bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sáàárín fáìlì ìwọ̀n yín, ó lè hàn lórí àwòrán bí ẹni pé kẹ́míkà náà kò fa ìmọ́lẹ̀ mu rárá níbẹ̀, tí ẹlòmíràn yóò sì gbà á gẹ́gẹ́ bí èsì. Nítorí náà, ẹ ṣe ẹ̀dà kejì láti ara ẹ̀dà àkọ́kọ́, kí ẹ lo ipò ìkún inú ddrescue láti kọ ọ̀rọ̀ àrà ọ̀tọ̀ kan sí gbogbo ibi tí kò ṣeé kà, kí ẹ wá wo fáìlì tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Fáìlì tó bá ní i, ó lábùkù, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ láàbù yín láìfi pamọ́.

Ẹ yẹ déètì wò pẹ̀lú. Bí bátìrì kékeré CR2032 tó wà lórí bọ́ọ̀dù bá ti kú ṣáájú, aago kọ̀ǹpútà lè ti padà sẹ́yìn lọ́pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura, tí fáìlì ọ̀sẹ̀ tó kọjá yóò sì máa jẹ́ orúkọ ọdún tí a kò tíì ra ẹ̀rọ náà. Ìwé tí ẹ fi ọwọ́ kọ ni ẹlẹ́rìí yín níbẹ̀. Ẹ kó odindi fódà, pẹ̀lú fáìlì ìlànà àyẹ̀wò àti ti ìwọ̀n àtúnṣe ẹ̀rọ, nítorí nọ́mbà tí a kò mọ bí a ṣe wọ̀n ọ́n kò tíì di dátà.

ÌBÉÈRÈ: Díìsìkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìpamọ́ láàbù wa ní, lórí RAID 5, ìyẹn ètò tó ń pín dátà sórí gbogbo wọn kí iṣẹ́ má bàa sọnù bí ọ̀kan bá kú. Ọ̀kan ti kú tipẹ́ láìjẹ́ pé a mọ̀, èkejì sì ti ń ṣe ségesège báyìí. Ẹni tó ń bá wa tọ́jú kọ̀ǹpútà fẹ́ fi tuntun rọ́pò èyí tó kú kí ẹ̀rọ náà fi tún ara rẹ̀ kọ́. Ṣé kí n gbà? (Olórí láàbù kan)

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbà, ẹ jọ̀wọ́, ó kéré tán kì í ṣe lónìí. RAID 5 lè fara da ikú díìsìkì kan ṣoṣo, tiyín sì ti jẹ àǹfààní náà tán. Bí àtúnkọ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò ka àwọn mẹ́ta tó kù láti orí dé ìdí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, díìsìkì tó ń ṣàìsàn yẹn ni wọn yóò sì di ẹrù lé lórí. Ẹ pa ẹ̀rọ náà. Ẹ lẹ nọ́mbà mọ́ ara díìsìkì kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tò, nítorí bí ètò wọn bá dàrú, iṣẹ́ náà á di ìlọ́po. Ẹ ṣe ẹ̀dà odindi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, títí kan èyí tó ti kú bí ó bá ṣì ń dáhùn, lẹ́yìn náà ni kí onímọ̀ to wọn pọ̀ láti inú ẹ̀dà.

Mo gbọ́ nínú lẹ́tà yín pé ẹ ń ka RAID sí ìpamọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń dáàbò bo iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ikú díìsìkì, kì í dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ àṣìṣe ènìyàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, àṣìṣe inú ètò tó ń ṣe ẹ̀dà dátà ní Yunifásítì Kyoto ní Japan pa nǹkan bí terabyte 77 rẹ́ lórí ẹ̀rọ ńlá tí àwọn olùwádìí wọn ń lò, nǹkan bí mílíọ̀nù 34 fáìlì, ti ẹgbẹ́ ìwádìí mẹ́rìnlá, tí ti mẹ́rin nínú wọn kò sì ṣeé gbà padà. Díìsìkì wọn kò kú o. Ẹ̀dà tó wà ní ibòmíràn, tí ẹ̀rọ kan náà kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni ìpamọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo ṣèèṣì pa fódà àyẹ̀wò kan rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tuntun tó ní SSD, díìsìkì tí kò ní àwo tó ń yí, ọjọ́ kejì ni bọ́ọ̀dù rẹ̀ tún jó. Ṣé ọ̀nà kan náà ni? (Amojú ẹ̀rọ láàbù)

ÌDÁHÙN: Rárá, ó sì dùn mí láti sọ ọ́. Nígbà tí a bá pa fáìlì rẹ́ lórí SSD, kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi àṣẹ tí wọ́n ń pè ní TRIM sọ fún un pé ibẹ̀ ti ṣófo, SSD á sì gbá ibẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ìrètí lórí fódà yẹn kéré gan-an. Ìyókù tí ẹ kò pa rẹ́ ni kí ẹ jà fún. Bí BitLocker, ètò Windows tó ń ti díìsìkì pa, bá ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè wà nínú ṣíìpù kan lórí bọ́ọ̀dù tó jó, nítorí náà ẹ wá kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà tó ní dígíìtì 48 kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, bóyá nínú ìwé tí ẹ tẹ̀ nígbà tí ẹ ra ẹ̀rọ náà tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀rọ NMR wa àtijọ́, tí a fi ń lo agbára òòfà láti yẹ inú kẹ́míkà wò, ń lo kọ̀ǹpútà Silicon Graphics láti ọdún 1990 sí òkè. Ó ti kú, wọ́n sì fẹ́ gbé e dànù. Ìwádìí ọdún mẹ́wàá wà nínú rẹ̀. Ṣé kọ̀ǹpútà òde òní lè kà á? (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, sà. Lẹ́tà yín wọ̀ mí lára. Ó lè kà á, bí ẹ bá tètè dá wọn dúró. Díìsìkì SCSI, irú kan tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa ń lò, ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ka ihò ẹnu rẹ̀, bóyá 50, 68 tàbí 80 ni, kí ẹ tó wá káàdì àti wáyà tó bá a mu. XFS, ìlànà ìtò fáìlì tí Silicon Graphics fúnra rẹ̀ ṣe, ṣì wà nínú Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, EFS tó ṣáájú rẹ̀ náà sì ṣeé kà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni bí ẹ̀rọ náà ṣe ń to nọ́mbà. Kọ̀ǹpútà yín ń kọ apá tó tóbi jù síwájú, ti òde òní sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn, débi pé nọ́mbà 1 tí a bá kà lódì yóò di 16,777,216. Bí àwòrán yín bá jáde bí igbó tí iná jó, ẹ má rò pé dátà ti bàjẹ́, ẹ yí ètò rẹ̀ padà ná. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ nmrglue mọ èyí, ó sì lè ka fáìlì ẹ̀rọ NMR ilé iṣẹ́ Bruker àti ti Varian, ṣùgbọ́n ó nílò fáìlì acqus tàbí procpar, tó ń sọ bí a ṣe wọn nǹkan, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fid, fáìlì ìwọ̀n gan-an, nítorí náà ẹ má yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn kan fẹ́ gba àwòrán Òṣùpá tí ọkọ̀ òfúrufú Lunar Orbiter yà ní 1966 àti 1967 padà, téèpù tí àwòrán náà wà lórí rẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́pọ̀. Ẹ̀rọ Ampex FR-900 tó lè kà á ló ṣọ̀wọ́n, obìnrin kan tó tọ́jú díẹ̀ nínú wọn pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló mú kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe ní Ames, ibùdó ìwádìí NASA. Nítorí náà, sà, bí ẹ bá ń yọ díìsìkì náà, ẹ yọ káàdì, wáyà àti ìwé ìlò ẹ̀rọ NMR náà pẹ̀lú, kí ẹ di gbogbo wọn sínú àpótí kan, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sórí bébà tí ẹ ó fi sínú rẹ̀, bí ẹ bá ṣì rántí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rántí, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, nítorí Linux tó bá ka díìsìkì náà láti ìta kì í bèèrè rẹ̀.