Ìdí tí ẹyẹ fi ń rí yín nínú aṣọ kámò

Ẹ béèrè pé kí ló dé tí ẹyẹ fi ń fò lọ kí ẹ tó yà wọ́n ní fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ẹ wọ aṣọ kámò, ìyẹn aṣọ alábàwọ́n tí wọ́n ń wọ̀ láti fara pa mọ́ nínú igbó, látòkè délẹ̀.

Kámò kì í sọni di àìrí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fọ́ ìrísí ara sí wẹ́wẹ́, kí ojú tó ń wò má lè so orí mọ́ èjìká. Tí àwọn àbàwọ́n rẹ̀ bá kéré jù, wọ́n á pò pọ̀ di àwọ̀ kan lókèèrè, ara yín á wá yọ gedegbe. Láti mọ̀ bóyá tiyín rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé aṣọ náà kọ́ sára igi, kí ẹ wò ó láti 30 mítà.

Ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ ni mo fura sí jù: wọ́n ń dán, ọwọ́ kì í sì í dúró jẹ́ẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Tí ẹ bá ní ọ̀dà ojú, ẹ fi dúdú kun imú àti iwájú orí, kí ẹ fi èyí tó mọ́ díẹ̀ kun abẹ́ ojú àti abẹ́ àgbọ̀n, torí òjìji ibẹ̀ ló ń tú ojú èèyàn fó.

Ẹ má sì fi ọṣẹ tó ń mú aṣọ funfun tàn fọ aṣọ kámò náà. Á máa tàn ní àwọ̀ búlúù lójú ẹyẹ.