Owó Ìjọba fún Ìtọ́jú Igbó: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ìbéèrè: Igbó kan wà lẹ́bàá odò abúlé wa, ó tó éékà márùn-ún. Àwọn bàbá wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá oko níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sun èédú ti ń wọ̀ ọ́ báyìí. A gbọ́ pé owó Great Green Wall àti Ecological Fund wà lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. A ti kọ lẹ́tà, a tún tún un kọ, a ò gbúròó ẹnikẹ́ni. Kí ló kù tí a ó ṣe? *Alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé kan, Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríire, lápá Ògbómọ̀ṣọ́*

Ìdáhùn: Alága wa, ẹ kú akitiyan. Lẹ́tà yín kò rí èsì nítorí pé àwọn tí ẹ kọ ọ́ sí kọ́ ló ni irú owó tí ẹ ń wá. Great Green Wall jẹ́ ètò láti dá aṣálẹ̀ dúró ní òkè Ọya. Ìpínlẹ̀ 11 ló kàn, láti Kebbi àti Sókótó títí dé Borno àti Adamawa, kò sì sí ìpínlẹ̀ Yorùbá kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ACReSAL, ètò àtúnṣe ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ tí Báńkì Àgbáyé ń gbé owó fún: ìpínlẹ̀ 19 ti Àríwá pẹ̀lú Abuja ni. Ìlọrin wà nínú rẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ tó múlé gbè é kò sí. Ẹ yọ méjèèjì kúrò lọ́kàn.

Ti Ecological Fund yàtọ̀ díẹ̀. Ọdún 1981 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti inú owó tí gbogbo orílẹ̀-èdè jọ ń pín. Ohun tó wà fún ni ọ̀gbàrá tó ń gbẹ́ ilẹ̀, omíyalé, ọ̀dá, aṣálẹ̀, epo tó dà sílẹ̀ àti irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Pé kí igbó má parẹ́ nìkan kò tó ẹjọ́ níwájú wọn. Bí odò yín bá ti ń jẹ bèbè rẹ̀, tí ọ̀gbàrá sì ń bọ̀ wá sí ojú ọ̀nà tàbí ilé ìwé, ẹjọ́ wà. Ẹ wọn gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn kòtò náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn òjò. Ẹ ya fọ́tò tó ní ọjọ́ lára, kí ènìyàn kan dúró sínú kòtò kí a lè mọ bó ti jìn tó. Ẹ fi fóònù gba àmì GPS ibẹ̀. Ẹ kọ iye ilé, ọ̀nà tàbí afárá tí ewu rẹ̀ ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí. Kí ìwé náà gba ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ sí iléeṣẹ́ ètò àyíká ti ìpínlẹ̀ ní Ìbàdàn, kí ìpínlẹ̀ gbé e lọ sí Abuja. Ẹ má kọ pé "ẹ fún wa lówó". Wọn kì í gbé owó yìí lé abúlé lọ́wọ́, kọngílá ni wọ́n máa ń gbéṣẹ́ fún. Iṣẹ́ ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ fẹ́ ẹ sí.

Èyí tó bá igbó éékà márùn-ún mu jù lójú wa ni Small Grants Programme. Owó ìjọba ni èyí náà: àwọn orílẹ̀-èdè ló ń dá a sínú Global Environment Facility, àpò owó àgbáyé fún àyíká, UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sì ń bá wọn mójú tó ètò kékeré yìí láti 1992. Ẹgbẹ́ abúlé àti ẹgbẹ́ aláàánú ló wà fún, kò sí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwọ̀n tí a mọ̀ ọ́n mọ́ fún iṣẹ́ kan ni $50,000, ẹ̀yin kò sì nílò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgbìmọ̀ kan ní Nàìjíríà ló ń yan ẹni tí yóò rí i gbà, àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń kéde ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ìwé, ọjọ́ tí wọ́n sì máa ń fún ènìyàn kì í pọ̀. Ẹni tó bá dúró di ìgbà ìkéde kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé ilẹ̀ kò ní bá a.

Nítorí náà, ìwé ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Òfin ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n lábúlé, ẹbí tó ni ilẹ̀ ló lè jẹ́ kí igbó náà dúró tàbí kó parẹ́. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Èyí tí olórí ẹbí bá dá fọwọ́ sí, àwọn yòókù lè lọ fagi lé e nílé ẹjọ́. Kí ó sọ ààlà igbó náà, ohun tí a lè mú níbẹ̀ (ewé, egbò, èso ẹmì) àti ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ní tiwa, àdéhùn tí kò bá tó ogún ọdún kò yẹ igi, nítorí ọ̀pọ̀ igi ọ̀dàn wa kì í tètè dàgbà. Ẹ wá surveyor kó wọn ibẹ̀, kó sì ya á sórí ìwé. Éékà márùn-ún tí ẹ pè é lè jẹ́ mẹ́ta, àwọn tó ń fúnni lówó yóò sì wá wò ó fúnra wọn.

Èkejì ni ìwé ẹgbẹ́. Ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ẹgbẹ́ àti iléeṣẹ́ sílẹ̀, ẹ nílò ó kéré tán ènìyàn méjì tí orúkọ wọn dúró fún ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí trustees. CAMA 2020, òfin tó de ìforúkọsílẹ̀ yìí, ní kí ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, kí ẹni tó bá fẹ́ takò ó ní ọjọ́ 28. Lẹ́yìn èyí ni SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ ọ̀nà tí owó ẹ̀ṣẹ̀ lè gbà wọlé, tí a ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Báńkì kì í ṣí àkáǹtì fún irú ẹgbẹ́ yìí láìsí ìwé rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ti ń ṣubú ni ìròyìn ọdọọdún tó yẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí CAC láàrin June 30 sí December 31. Wọn a gbàgbé rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá owó lọ, orúkọ wọn ti di aláìṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ CAC, ìwé wọn kò sì ní kọjá tábìlì àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ìṣirò, nítorí ibẹ̀ ni àbá iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù lọ. Éékà márùn-ún jẹ́ nǹkan bíi hẹ́kítà méjì. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti ṣí sílẹ̀, tí ẹ sì gbin igi ní mítà márùn-ún sí márùn-ún, igi 400 ló wọ hẹ́kítà kan, 800 lápapọ̀. Ẹ má kọ 800 sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú irúgbìn, ẹ kọ 1,000, nítorí òmíràn kò ní hù, òmíràn yóò kú lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn ín, ẹ ó sì ní láti fi tuntun dípò rẹ̀. Igi ìgbá, apá àti ẹmì ló yẹ ilẹ̀ ọ̀dàn wa. Ẹmì kì í yára rárá, torí náà ẹ má fi òun nìkan kún ilẹ̀. Oṣù June sí July ni kí ẹ gbìn, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èyí tí ẹ bá gbìn ní September, ẹ̀ẹ̀rùn yóò bá a nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì wọlẹ̀.

Iná ni ọ̀tá tí àwọn ènìyàn kì í fi sínú ìṣirò. Bí igbó hẹ́kítà méjì bá rí bákan náà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àyíká rẹ̀ sún mọ́ mítà 570. Ààlà iná tó fẹ̀ ní mítà márùn-ún yí i ká yóò gba bíi mítà 2,850 níbùú lóròó, ìyẹn nǹkan bíi ìdá méje nínú mẹ́wàá éékà kan tí ẹ gbọ́dọ̀ ro títí yóò fi mọ́. Ẹ ro ó ní November, kí koríko tó gbẹ tán, kí ẹ tún un ro ní January. Ẹ kọ owó yẹn fún ọdún mẹ́ta. Àbá tó ní owó ìgbìn ní ọdún àkọ́kọ́, tí kò ní owó ìroko àti ìṣọ́ ní ọdún kejì àti ìkẹta, ìgbìmọ̀ mọ̀ pé igi yẹn yóò jóná, wọn yóò sì gbé ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n á tún bi yín pé kí lẹ̀yin fúnra yín mú wá. Kò pọn dandan kó jẹ́ owó. Bí ọ̀dọ́ ogún bá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé mẹ́fà, ọjọ́ iṣẹ́ 120 nìyẹn: ẹ fi iye tí alágbàṣe ń gbà lóòjọ́ ní àdúgbò yín ṣe ìsodipúpọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí tì í lẹ́yìn. Ilẹ̀ ẹbí, gbọ̀ngàn ìpàdé àti omi kànga náà níye lórí.

Ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn tó ń sun èédú. Ẹ má kọ wọ́n sínú àbá bí ọlọ́ṣà. Owó ilé ìwé ọmọ ni púpọ̀ nínú wọn ń wá, ọmọ yín sì ni àwọn kan. Ẹ pè wọ́n sí ìpàdé, àwọn ọdẹ, àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹmì àti àwọn Fúlàní darandaran pẹ̀lú wọn, kí orúkọ gbogbo wọn wà nínú ìwé ìpàdé. Bí ẹ bá lè fi hàn pé ilé oyin tàbí òrí pípò yóò rọ́pò èédú fún ìdílé mélòó kan pàtó, àbá yín ti fi ohun tó ń pa igbó náà hàn àti bí ẹ ó ṣe dá a dúró.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbẹ́ Old Oyo National Park là ń gbé. Wọn ò jẹ́ ká ṣọdẹ mọ́, wọn ò jẹ́ ká dáko. Ǹjẹ́ owó kankan wà tó kan àwa náà? *Olùkàwé kan, Ìjọba Ìbílẹ̀ Àtìbà*

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tí ẹ pàdánù kì í ṣe kékeré, ó sì yẹ kí ẹ sọ ọ́ jáde. Ìjọba àpapọ̀ ló ni páàkì yẹn láti 1991, kì í ṣe ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó, òfin kò sì gba oko, ọdẹ tàbí ìdaran nínú rẹ̀. Nítorí náà, kò sí owó ìjọba tí ẹ lè gbà láti ṣe ohunkóhun nínú ààlà páàkì fúnra yín. Èyí tí ẹ lè bèèrè ni iṣẹ́ ní abúlé tó yí i ká.

Ẹ lọ sí olú ilé iṣẹ́ wọn ní Ìsókùn, Ọ̀yọ́. Ẹ bèèrè ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn abúlé àyíká, kí ẹ sì kọ ìwé sí ọ̀gá àgbà páàkì. Kí ẹ tó lọ, ẹ wo bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ tí Budget Office máa ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò àyíká. Ìlà mẹ́ta lẹ ó rí: owó oṣù, owó ìnáwó ojoojúmọ́, àti owó iṣẹ́ àkànṣe. Ìlà kẹta nìkan ni ohun tuntun ti ń jáde. Bí iṣẹ́ tó kan abúlé yín bá wà níbẹ̀, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n bá a dé. Òfin Freedom of Information ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn ìwé yín. Ẹ fi sùúrù kọ ọ́, kí ẹ má fi ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀.

Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ọ̀dọ̀ aṣòfin yín ní Abuja ló kù, nípasẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn. Ẹ gbé ìwé lọ ní July tàbí August, nítorí pé nígbà tí bọ́jẹ́ẹ̀tì bá ti dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ lópin ọdún, ọ̀pọ̀ ohun ti parí. "Ẹ ràn wá lọ́wọ́" kò ṣeé fi sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. "Kànga ẹlẹ́rọ méjì àti ilé oyin 60 fún ìdílé 20, abúlé báyìí báyìí" ṣeé fi sí i.

Ìbéèrè: Báwo ni a ṣe lè mú kí ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ fi ọ̀rọ̀ igbó ọba sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn? *Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ìdáhùn: Igbó ọba, ti ìpínlẹ̀ ni, nítorí náà ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ lọ. Ìpínlẹ̀ máa ń ṣe ìpàdé pẹ̀lú ará ìlú lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, Ògbómọ̀ṣọ́ sì jẹ́ ẹkùn tirẹ̀. Ẹ má lọ síbẹ̀ lọ pariwo. Ẹ mú ojú ìwé kan péré: igbó wo, hẹ́kítà mélòó ló ti ṣí, igi mélòó, ta ni yóò ṣọ́ ọ, ọdún mélòó. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ẹ̀ka igbó ní iléeṣẹ́ ètò àyíká, ẹ̀dà kan fún aṣòfin ìpínlẹ̀ yín. Bí owó bá wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ yín kò tíì parí, nítorí pé owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ àti owó tí wọ́n tú sílẹ̀ kì í dọ́gba. Ẹ máa bèèrè ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní July 11, 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà, torí náà ẹ lè bá alága yín sọ̀rọ̀ igi etí odò àti ààlà iná láìdúró de Ìbàdàn.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní LAUTECH, mo fẹ́ ka ẹranko inú igbó kan. Ṣé TETFund lè gbé e?

Ìdáhùn: TETFund, àpò owó ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, lè gbé e, bí ó bá jẹ́ ìwádìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbìmọ̀ ìwádìí yunifásítì yín, nítorí ibẹ̀ ni ìwé ń gbà kó tó dé TETFund. Kò ní san owó ìṣọ́ igbó tàbí ìgbìn igi. Ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tó ni igbó kí ẹ tó fi àbá sílẹ̀: ìpínlẹ̀ bí ó bá jẹ́ igbó ọba, National Park Service bí ó bá jẹ́ páàkì.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní kí a san owó fọ́ọ̀mù kí òun lè bá wa gba dọ́là ìtọ́jú igbó. Ṣé kí a san án? *Ìyálọ́jà kan, Ọ̀yọ́*

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má san kọ́bọ̀. Small Grants Programme kì í gba owó fọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá ti san án, ẹ tọ́jú ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí báńkì yín àti àgọ́ ọlọ́pàá lónìí.