Rìsíìtì káńsù kọ́ ni pámíìtì

Ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní àbúrò yín sanwó ní káńsù n'Ìkòròdú torí ilé tó ń bá yín kọ́, wọ́n já rìsíìtì fún un, síbẹ̀ àwọn kan tún wá fi ọ̀dà pupa kọ "Stop Work" sára ògiri. Ẹ má tíì bá a jà, ó lè jẹ́ pé kò mọ̀ ni.

Ní London tí ẹ wà, káńsù ló ń fọwọ́ sí i kéèyàn tó kọ́lé. L'Ékòó, ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Lábẹ́ òfin ètò ìlú ọdún 2010, LASPPPA (Lagos State Physical Planning Permit Authority) ló ń fúnni ní pámíìtì, ìyẹn ìwé àṣẹ ìkọ́lé; LASBCA (Lagos State Building Control Agency) ló ń yẹ ilé wò bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ọ́fíìsì LASPPPA wà káàkiri ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn ló ń da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ àwọn èèyàn wa lójú. Ẹ ní kí àbúrò yín ya fọ́tò rìsíìtì yẹn, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síwájú "being payment for". Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ohun tí wọ́n gbowó fún gan-an.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ míì, ẹ gbé ìwé sọ́fè lọ sọ́dọ̀ awọnlẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹni tó ta ilẹ̀. Nọ́ńbà gígùn méjì máa ń wà létí píláà, ìyẹn òkúta igun ilẹ̀, lórí ìwé náà. Òun ni wọ́n á fi wá ilẹ̀ yín lórí máàpù ìjọba ní Aláúsá, láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba. Èmi ò ṣe é. Ọ̀nà tí ìjọba fẹ́ là ló gba àárín ilẹ̀ tèmi kọjá. Ẹni tó tà á fún mi ṣì ń kí mi kú ọdún Iléyá lórí WhatsApp.

Bí ilẹ̀ yín ò bá bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba, ohun tó kù fún pámíìtì ni ìwé ilẹ̀, ìwé owó orí, àti àwòrán ilé tó ní òǹtẹ̀ ayàwòrán ilé tó forúkọ sílẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á tún gba ti ẹnjiníà. Orúkọ tiyín ni kó wà lórí gbogbo ẹ̀ o, kì í ṣe ti àbúrò.

Ní ti ọ̀dà pupa, kí bíríkìlà dáwọ́ dúró ná. Kí àbúrò gbé ìwé tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri lọ sí ọ́fíìsì LASBCA. Wọ́n á bu owó ìtanràn lé e, àmọ́ ẹ gba ìwé tó sọ iye owó náà kí ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì san án sí àkáǹtì ìjọba, kì í ṣe sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.