Ta Ni Ká Fi Ṣe Ọ̀daràn Inú Eré Wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Mọ́lété. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kọ eré kan tí yóò já ènìyàn láyà: ẹnìkan ń ti orí fóònù darí ọmọbìnrin kan títí ayé fi sú u. Wọ́n ní ọmọ Yahoo tó ń gbé Lẹ́kí ni kó jẹ́ ọ̀daràn. Lójú tèmi, nǹkan kan ṣì kù nínú ẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ kú akitiyan. Àwọn ọmọ yín kò parọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ní Michigan nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin ọlọ́dún 17 kan rò pé ọmọge lòun ń bá sọ̀rọ̀ lórí Instagram. Àṣé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọkùnrin láti Èkó ni. Wọ́n gba àwòrán ìhòòhò rẹ̀, wọ́n ní kó sanwó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò rí i. Kílẹ̀ tó mọ́, ọmọ náà ti gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ọdún 17 àbọ̀ nilé ẹjọ́ ibẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́wọ̀n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024.

Ṣùgbọ́n ará Lẹ́kí kò lè ba ọmọ Mọ́lété lẹ́rù tó ẹni tí wọ́n jọ ń pín gúgúrú jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 15, ní ọ̀rẹ́ tuntun kan lórí WhatsApp, tó ní Òkè-Àdó lòun ń gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹni yìí kò bèèrè nǹkan kan. Ó ń kí i láàárọ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá nà án, ó ń bá a dárò. Ó sọ àṣírí tirẹ̀ fún un, irọ́ ni gbogbo ẹ̀, kí ọmọ náà lè sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í já a gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: lágbájá ń bú ọ lẹ́yìn, tàmẹ̀dò ń jowú rẹ. Ìgbà tó ku òun nìkan ló tó bèèrè fọ́tò. Bó ṣe gbà á tán, ohùn yí padà. Ó ní kó lọ jí owó ẹ̀lùbọ́ ìyá rẹ̀ ní ọjà Bódìjà. Ó jí i, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ibi tí àṣírí ti tú rèé, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹni náà kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, “Ìbọ̀sẹ̀ rẹ tó ti lu yẹn, sọ fún ìyá rẹ kó ra òmíràn.” Òjò pa wọ́n lọ́jọ́ yẹn, inú kíláàsì nìkan lọmọ yìí ti bọ́ bàtà. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ló rí ìbọ̀sẹ̀ náà. Títí dòní, bí mo bá rántí, ara mi a bù máṣọ.

Ìran kan tún wà. Ọmọ náà ti fẹ́ jẹ́wọ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀. Ìyá gbójú sókè, ó rí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọgun: “O tún ti ń tẹ̀ ẹ́!” Ọmọ gbé ọ̀rọ̀ mì, ó padà. Oṣù kan sí i ló fi jìyà. Ọ̀daràn kò sí lórí ìtàgé nínú ìran yìí, òun ló sì burú jù lójú mi.

Àbúrò mi fẹ́ la fóònù náà mọ́lẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ̀rí wà. A ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ náà pamọ́, a ò san kọ́bọ̀ kan sí i, a lọ bá àwọn òbí ọmọ kejì. Òfin ọdún 2015 tó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà wà lẹ́yìn wa bá a bá fẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 16 la bá níbẹ̀. Owó náà pé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni yóò ní lọ́rẹ̀ẹ́.

Irú ọ̀daràn yẹn ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ gbé e sórí ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀, kó máa pín gúgúrú fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ eré tó mi létí, torí ọmọ àbúrò mi ti ní ìjókòó iwájú lòun fẹ́.