Ẹ wo ìlà owó yẹn kí ẹ tó bínú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní wọ́n kéde owó àtúnṣe ilé ìwòsàn àdúgbò yín lórí rédíò, ọdún ti yípo, ẹ ò rí bíríkìlà kan níbẹ̀. Ẹ wá ń béèrè ìwé tí ẹ máa wò. Ó ti ṣe wá rí níbí, l'Óṣogbo. Kànga dẹ́rọ ni tiwa.

Mo rí kànga wa nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, mo dìde ní ìpàdé àdúgbò, mo ní agbaṣẹ́ṣe ti kó owó wa jẹ. Àṣìṣe ńlá ni. Ohun tí ìjọba ní lọ́kàn láti ná ló wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kò túmọ̀ sí pé kọ́bọ̀ kan ti jáde. Ìròyìn ìmúṣẹ bọ́jẹ́ẹ̀tì ló yẹ kí n wá, ìwé tó ń sọ iye tí wọ́n ná gan-an, èyí tó máa ń jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Nọ́ńbà gígùn tí wọ́n fi ń dá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀ wà lápá òsì níbẹ̀. Ẹ dà á kọ, torí orúkọ iṣẹ́ lè yí padà láti ìwé kan sí èkejì. Ẹ wá tọ ìlà náà lọ: iye tí wọ́n fọwọ́ sí, iye tí wọ́n ná láàárín oṣù mẹ́ta, àpapọ̀ láti oṣù kìn-ín-ní. Òdo ló wà níwájú tiwa, ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Agbaṣẹ́ṣe yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé owó jáde tí ẹ ò rí iṣẹ́, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fẹnu béèrè nǹkan l'Ábéèrè, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wa wà, "ẹ padà wá" ni mo ń gbọ́. Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011, tó jẹ́ kí ará ìlú lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, ẹ ò sì ní láti sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Bí wọ́n bá ní òfin àpapọ̀ ni, kò kan ìpínlẹ̀, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a lẹ́jọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kàn wọ́n. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sórí tiyín. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fún yín ní ìwé tí ẹ béèrè, ọjọ́ 30 lẹ ní láti gba kóòtù lọ.

Ẹ má sì béèrè "gbogbo ìwé lórí ilé ìwòsàn". Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́: ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, ìwé tí wọ́n fi san owó, ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ parí. Lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ fẹ̀ jù, wọn ò fún mi ní nǹkan kan.

Ìlà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí ẹ bá rí i, ẹ ka iye tó wà níbẹ̀ fún mi, a óò jọ kọ lẹ́tà náà.